Ẹ̀yin àgbà onígẹdú Ẹ̀pẹ́, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó mú òpó irin náà dúró kí owó tó lọ

Sí ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ onígẹdú àti onísọ́ọ̀míìlì etí ọ̀sà, láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Agbówà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrọ́jú. Mo kí ẹ̀yin bàbá wa tó ni ẹ̀rọ ìlagi, mo kí ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta pákó, mo sì kí àwọn ọmọ wa tó ń wọ omi lọ pàdé igi láàárọ̀.

Mo gbọ́ pé ẹ ti ń dáwó jọ láti ra òpó irin tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń fa gẹdú wálẹ̀ láti orí òkè l'Amẹ́ríkà àti Kánádà, kí ẹ lè máa fi fa igi jáde nínú omi àti nínú àbàtà. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ẹni tó bá ti rí ọmọkùnrin mẹ́fà tí omi mù dé àyà, tí wọ́n ń fi èjìká ti gẹdú tó tóbi ju gbogbo wọn lọ, kò ní sọ pé kẹ́ ẹ má rà á. Láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ní kí àwọn onípákó Òkó Bàbá ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta máa kó bọ̀ ní Agbówà-Ìkòsí, ó ti hàn pé igi tó kàn ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá tẹ́lẹ̀ yóò máa gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ náà á pọ̀ ju èjìká lọ.

Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti dá yín dúró. Ohun kan ni mo wá bẹ̀ yín fún: kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí yóò mú òpó náà dúró. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń lọ ní èbúté, mo gbọ́ bó ṣe ga tó, mo gbọ́ irú ẹ́ńjìnnì tó ní, mo gbọ́ iye tọ́ọ̀nù tó lè fà. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè wáyà tí wọ́n ń ta láti orí òpó wá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí wínṣì, ẹ̀rọ tó ń wé wáyà láti fi fa ẹrù, bá ń fa igi, àwọn wáyà yẹn ló mú òpó. Irin ìbáà nípọn bó ṣe wù kó nípọn, bí wáyà àmúró kan bá já, tàbí bí èèkàn tí a so ó mọ́ bá fà yọ, òpó ń bọ̀ nílẹ̀ nìyẹn.

Rígà ni mí. Iṣẹ́ wáyà àti wínṣì ni mo kọ́ l'Ápápá, òun náà ni mo ń jẹ títí di òní, ọmọ Ẹ̀pẹ́ sì ni mí. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, màlúù ni wọ́n fi ń fa igi, kí John Dolbeer tó ṣe wínṣì onísítíìmù ní Eureka, California, lọ́dún 1881. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wá igi gíga kan nínú igbó, tí ọkùnrin kan á gùn ún, á gé orí rẹ̀ dànù, á so púlì àti wáyà àmúró mọ́ ọn lókè, kí igi tí wọ́n ń fà lè gbé orí sókè, kó má máa há mọ́ kùkùté. Òpó irin tí ẹ fẹ́ rà yìí ló gba ipò igi náà. Ṣé ẹ rí i? Láti ìgbà igi ni wáyà àmúró ti wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn òpó ńlá tó ga bíi 90 ẹsẹ̀ bàtà máa ń ní wáyà àmúró mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á sì tò wọ́n yí òpó ká.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà mí jù.

Ẹ rántí kánópì ayẹyẹ. Bí ìjì bá dé, èyí tí wọ́n kan èèkàn okùn rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó gan-an ló máa kọ́kọ́ fò. Èyí tí okùn rẹ̀ nà jáde síta a máa dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà àmúró. Ká ní wínṣì ń fa orí òpó síwájú pẹ̀lú agbára tọ́ọ̀nù 5, tó sì jẹ́ wáyà kan ló dì í mú lẹ́yìn. Bí wáyà yẹn bá nà jáde dáadáa, tí igun òun àti ilẹ̀ jẹ́ dígírì 30, ẹrù tó máa gbé jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5.8. Bí igun náà bá di 45, ẹrù di 7.1. Bó bá di 60, ẹrù di tọ́ọ̀nù 10, ìlọ́po méjì ohun tí wínṣì ń fà. Kò sì tán síbẹ̀ o. Wáyà tó ń fa òpó sẹ́yìn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ní dígírì 60 yẹn, wáyà kan ṣoṣo ń ti òpó wọlẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 8.7. Ẹ wá fi àbàtà etí ọ̀sà sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ibi tí ìdí òpó máa wà lọ́jọ́ kẹta.

Àwọn tó ń lo òpó yìí ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà kì í fẹ́ kí igun náà kọjá nǹkan bíi dígírì 50. Ẹ wá jẹ́ ká gbé ìṣirò náà wá sílé. Púlọ́ọ̀tì tí gbogbo wa mọ̀, 60 nípa 120 ẹsẹ̀ bàtà ni. Ẹ gbé òpó tó ga ní 50 ẹsẹ̀ bàtà sí àárín rẹ̀. Láti ìdí òpó dé ẹnu ààlà lápá ọ̀tún, 30 ẹsẹ̀ bàtà péré ni. Ẹ kan èèkàn sí ẹnu ààlà yẹn, igun náà á jẹ́ dígírì 59. Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe kankan, kò sí ẹni tó jí wáyà, síbẹ̀ wáyà ti ń gbé nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tí wínṣì ń fà torí pé ilẹ̀ kéré. Kí igun náà tó wálẹ̀ sí 45, èèkàn gbọ́dọ̀ fi 50 ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí òpó. Púlọ́ọ̀tì méjì tó fẹ̀gbẹ́ kanra ló lè gbà á. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ kan ṣoṣo, tó sì ti fi ìdajì rẹ̀ to pákó, ilẹ̀ rẹ̀ kò gba òpó yìí. Ọ̀rọ̀ náà lè korò, àmọ́ ẹ sọ ọ́ nínú ìpàdé báyìí, kó má jẹ́ pé ìgbà tí òpó bá dé orí tírélà lẹ máa tó mọ̀.

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn kan máa fún mi: ‘Ọ̀nà omi la ti ń fa igi wá, ẹ̀yìn nìkan la nílò wáyà sí.’ Òótọ́ ni, títí di ọjọ́ tí gẹdú kan bá há sábẹ́ òmíràn lápá òsì, tí dẹ́rẹ́bà wínṣì sì ní kí òun fà á ní ìbú. Ẹ ò lè sọ fún igi ibi tó máa há sí.

Èèkàn ló kàn. Lórí òkè àwọn òyìnbó, kùkùté igi ńláńlá ni wọ́n ń so wáyà mọ́, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti di òkè mú láti ọjọ́ pípẹ́. Síbẹ̀ wọ́n á gé ojú sí kùkùté náà kí wáyà má yọ̀, bí wọ́n bá sì ń ṣiyèméjì, wọ́n á pín ẹrù kan fún kùkùté méjì tàbí mẹ́ta. Àwa kò ní irú rẹ̀ létí omi. Àgbọn la ní, ọ̀pẹ la ní, gbòǹgbò wọn tín-ín-rín ni, iyanrìn ni wọ́n sì dúró lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so wáyà àmúró mọ́ àgbọn. Ẹ má so ó mọ́ òpó iná, ẹ má so ó mọ́ òpó ṣẹ́ẹ̀dì sọ́ọ̀míìlì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ àṣísì tírélà tó ti kú, tí wọ́n ní ó wúwo. Ó wúwo lóòótọ́. Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ bọ̀ níwọ̀n ìka kan sí méjì lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó rí i torí pé koríko ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó bá ilẹ̀ wa mu ni kí a gbẹ́ kòtò gígùn, kí a tẹ́ gẹdú líle kan sínú rẹ̀ ní ìbú, kí wáyà yí àárín rẹ̀ po, kí a la ojú tóóró sílẹ̀ fún wáyà láti jáde ní ọ̀gangan ibi tí òpó wà, kí a wá dá ilẹ̀ padà ní ìpele-ìpele, kí a máa gún un mọ́lẹ̀ bí a ṣe ń dá a. Ojú tóóró yẹn ṣe kókó. Bí wáyà bá ní láti tẹ̀ kọ́rọ́ kó tó jáde, ńṣe ni yóò máa gbé gẹdú náà sókè. Bí kòtò ṣe máa jìn tó, ẹ̀ńjìníà tó bá wo ilẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́, torí ilẹ̀ Agbówà kò dà bí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́, ibi tí omi sì dé lóṣù February kọ́ ló máa ń dé lóṣù October. Gẹdú tó wà nínú ilẹ̀ tí omi kún fẹ́ léfòó, iyanrìn tó sì ti mumi yó kì í fi bẹ́ẹ̀ di nǹkan mú. Àwọn kan máa ń lo kọnkéré dípò igi, ó sì dára, bí owó bá wà.

Bí èèkàn bá ti wà nílẹ̀, ẹ fi ohun tí kò náni lówó ṣọ́ ọ. Ẹ kan igi kéékèèké méjì sí ọ̀tún àti òsì ibi tí wáyà ti yọ, ẹ ta okùn tín-ín-rín láàrin wọn, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sára wáyà lábẹ́ okùn náà. Láàárọ̀, kí wínṣì tó dún, kí ẹnì kan lọ wò ó. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, kó tún lọ wò ó lọ́sàn-án. Bí àmì bá ti fi ìwọ̀n ìka kan kúrò lábẹ́ okùn, èèkàn ti ń rìn nìyẹn. Kí iṣẹ́ dúró.

Ní ti wáyà fúnra rẹ̀, ẹ má tìtorí pé ó ń dán rà á, ẹ má sì tìtorí pé ó dípẹtà jù ú nù láìwò ó. Okùn mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lọ́ pọ̀ di wáyà kan, inú okùn kọ̀ọ̀kan sì ni irin tíntìntín wà, ó lè tó 19, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Àwọn irin tíntìntín yìí ló ń kọ́kọ́ já. Bí a ṣe ń wá wọn rèé: ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, ẹ mú àkísà òwú, ẹ fi yí wáyà ká, kẹ́ ẹ máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí irin kan bá ti já, ó máa gbá àkísà mú, ó máa fa òwú yọ. Ẹ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ kà. Ẹ má ṣe é ní ọwọ́ lásán láé, ẹni tí irin yẹn bá ti ya ní àtẹ́lẹwọ́ á sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Kíkà náà ní òfin. Nínú òfin tí wọ́n fi ń wo wáyà kéréènì l'Amẹ́ríkà, wáyà tó ń yí lórí púlì kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ bí irin mẹ́fà bá ti já láàrin ìwọ̀n ibi tí okùn kan fi ń yí wáyà po lẹ́ẹ̀kan, tàbí bí mẹ́ta bá ti já nínú okùn kan ṣoṣo láàrin ìwọ̀n yẹn. Wáyà tó kàn dúró, irú tiwa tó ń di òpó mú, òfin rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀: bí irin tó já bá ti ju méjì lọ láàrin ìwọ̀n yẹn kan náà, tàbí tó ju ẹyọ kan lọ nítòsí ẹnu tí wọ́n ti dè é, ó ti tán. Ẹ tún fi káálípà, irin ìwọ̀n tó ń sọ bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọ̀n ọ́n. Wáyà tó bá ti fi ju ìdá 5 nínú 100 tín-ín-rín sí i, ẹ yọ ọ́. Fún wáyà mílímítà 20, bó bá ti kéré sí 19, kò ṣeé lò mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán ò lè rí ìyàtọ̀ náà.

Kílíìpù tí ẹ fi ń de ẹnu wáyà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kílíìpù ní ẹ̀gbẹ́ méjì: bóòtù tó tẹ̀ kọdọrọ, àti ìjókòó rẹ̀. Ìjókòó ló gbọ́dọ̀ wà lára wáyà gígùn tó ń gbé ẹrù, kí bóòtù wà lára ìrù kúkúrú. Bó bá jẹ́ òdìkejì, bóòtù ń run wáyà tó ń gbé ẹrù nìyẹn. Mo ti rí i tí wọ́n dè é ní ọ̀kan síwá, ọ̀kan sẹ́yìn, kó lè dọ́gba lójú! Wáyà tó nípọn ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì kò gbọdọ̀ ní kílíìpù tó dín sí mẹ́rin, íǹṣì mẹ́rin ààbọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wà láàrin ọ̀kan sí èkejì. Lẹ́yìn tí òpó bá gbé ẹrù àkọ́kọ́, ẹ tún nọ́ọ̀tì wọn fún, nítorí wáyà tó bá gbé ẹrù a máa sún kì. Ẹ má ta kókó sí wáyà rárá.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Tòkunbọ̀ ni, gbogbo wa la mọ bí tòkunbọ̀ ṣe ń rí: ọ̀dà tuntun, táyà fífọ̀, ẹ́ńjìnnì tó dún lẹ́ẹ̀kan. Ẹ béèrè ìwé tí àwọn tó ṣe òpó náà kọ, tó sọ iye wáyà àmúró tó nílò, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, àti wáyà tó nípọn jù tí wọ́n lè fi sí wínṣì. Bí ìwé náà ò bá sí, tí àwo irin tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí lára òpó sì ti yọ, òpó tí ẹnikẹ́ni ò mọ agbára rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún yín. Ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.

Ibì kan wà tí ọlọ́gbọ́n pàápàá ti ń ṣìnà níbí. Wáyà wínṣì já lónìí, ó já lọ́la, ọ̀gá bínú, ó ní kí wọ́n lọ ra èyí tó nípọn jù. Wáyà tuntun kò já mọ́. Àmọ́ agbára tí ìbá fi já ti bọ́ sí ara òpó àti wáyà àmúró. Àwọn tó ṣe òpó ti ṣírò rẹ̀ pé kí wáyà wínṣì kọ́kọ́ já kí òpó tó wó. Ẹ má bá wọn yí ìṣirò náà padà.

Mo mọ̀ pé bí irin bá sán, wẹ́dà wà ní ìkòríta. Àwọn wẹ́dà wa mọ iṣẹ́, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n irin òpó wọ̀nyí lè jẹ́ irin tí wọ́n ti fi iná sè ní ọ̀nà àkànṣe, iná wẹ́dà sì lè sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́ níbi tí wọ́n jó o. Ẹ má jó o láìjẹ́ pé ẹ̀ńjìníà kọ bí a ṣe máa jó o sílẹ̀, ẹ má sì jó irin mọ́ orí rẹ̀ kó lè ga sí i. Kẹ́ ẹ tó sanwó pàápàá, ẹ ní kí wọ́n ha ọ̀dà kúrò ní oríkèé àti níbi tí wáyà ti so mọ́ orí òpó, kí wọ́n fín oògùn pupa tí wọ́n fi ń wá sísán sí i, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n fín funfun lé e. Bí irin bá sán, ìlà pupa á yọ lára funfun.

Ọ̀rọ̀ èèyàn ò gùn. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sínú ibi tí wáyà ti tẹ̀ bí ọrun, torí bí púlì bá já, ibẹ̀ ni wáyà máa gbà kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fún dẹ́rẹ́bà ní àmì kó fà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá rí ewu lè ké pé kó dúró, ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá náà lè ké e, kí wọ́n má sì bú u bó bá jẹ́ pé kò sí nǹkan kan. Àwọn ìyá olóńjẹ àti àwọn apẹja tó ń tú àwọ̀n, ẹ wá ibòmíràn fún wọn, ibi tí òpó kò lè wó dé. Wáyà iná NEPA ńkọ́? Ó kéré tán, kí 10 ẹsẹ̀ bàtà wà láàrin rẹ̀ àti ohunkóhun tó jẹ́ ti òpó yín, pẹ̀lú wáyà tó lè fò bó bá já.

Òfin ilẹ̀ wa kò sùn lórí èyí. Òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà, Factories Act, ti sọ pé kí ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí máa yẹ ṣéènì àti okùn tí a fi ń gbé ẹrù wò, ó pẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní Lagos State Safety Commission láti ọdún 2011. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó pè yín. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ sì wà, tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà, kí ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ìdílé ẹni tó kú lè rí nǹkan gbà. Àwọn ọmọ wa tó ń fa igi, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà, orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan. Bí òpó bá wó pa ọ̀kan nínú wọn, àwo tí a máa gbé káàkiri láti fi tọrọ owó fún ìyàwó rẹ̀ ni yóò kù. A ti gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ rí ní èbúté yìí. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí òpó tó dìde.

Níbi ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ yan ẹnì kan tí kò ní owó nínú òpó náà, tí kì í ṣe ọmọ onísọ́ọ̀míìlì kankan, kó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti máa wo èèkàn, wáyà àti kílíìpù láràárọ̀, kó máa kọ ọ́ sínú ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé, kó sì ní àṣẹ láti ní kí wínṣì dúró títí di ìgbà tí wọ́n bá tún nǹkan ṣe. Owó oṣù rẹ̀, ẹgbẹ́ ni kó san án. Bí gẹdú bá wà nínú omi tí oníbàárà sì ń pariwo lórí fóònù, ẹni yẹn ni kí gbogbo yín gbọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, màá wá kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi àkísà wo wáyà àti bí wọ́n ṣe ń de kílíìpù. Káálípà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ kàn bá mi wá wáyà àlòkù tí a lè fi kọ́ṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Rígà kan, ọmọ Ẹ̀pẹ́